Kí Ẹ Tó Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ẹ̀yin aya ilé, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ rírán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó nínú ilé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ilé bí ẹ̀rọ ìránṣọ àti fíríìjì. Òun ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, òun ni ìyá tí ń ta ọjà fi ń ṣírò èrè rẹ̀, inú rẹ̀ ni a sì ń kó àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìkómọjáde pamọ́ sí. Ohun tí ó bá ti wọ inú ilé, tí ó sì ń gba owó ilé, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ni.

Èmi gan-an ti ṣe àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe náà sì ń dùn mí títí di òní. Nítorí náà, n kò wá láti ṣe ọ̀gá lórí yín. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin má baà fi ara yín kọ́ ohun tí mo fi ara mi kọ́.

Ní ọdún 2014, nígbà tí mo ń kàwé fún oyè kejì, ni mo fi owó àjọ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Òun ni mo fi kọ ìwé àpilẹ̀kọ mi. Àwọn ìbejì mi ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà náà, bí mo bá sì ti tẹ́ wọn sílẹ̀ ní òru, òun ni mo máa ń gbé lé itan. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 2025, ó ti di arúgbó pátápátá. Bí mo bá tàn án ní òwúrọ̀, mo lè gbé omi kaná, kí n po ògì fún àwọn ọmọ, kí n sì padà wá bá a níbi tí ó ti ń ronú.

Ní oṣù Keje ọdún náà, mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé mo fẹ́ ra tuntun. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ méjì ni ó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kẹsàn-án. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é ná."

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Mo kà á sí ahun. Ṣebí èmi náà ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń gba owó oṣù. Láìsọ fún wọn, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún irú rẹ̀ ṣe, mo ní kí ó ṣe ohunkóhun tí yóò mú kí ó yára. Ọmọ náà bi mí pé, "Mà, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ nínú rẹ̀? Mo máa pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ ni o, kí n tó tún un tò." Mo ti kó ìwé tí mo fi ń kọ́ni sínú fláàṣì, ìyẹn nìkan ni ó sì wà ní ọkàn mi. Mo ń kánjú kí n lè délé kí bàbá àwọn ọmọ tó dé. Mo ní, "Kò sí. Máa pa á rẹ́."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ní ọdún 2019, mo jókòó ti ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé wọn, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí a ti ń ṣe irú: bí a ti ń se kóró irúgbá títí yóò fi rọ̀, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bó, bí a ti ń fọ̀ ọ́, bí a ti ń tún un sè, àti bí a ti ń fi ewé bò ó kí ó lè dé ojú rẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Fóònù tí mo fi gbà á ti bàjẹ́ tipẹ́, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ó kù sí. Ìyá mi sì papòdà ní ọdún 2021.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ó mọ̀ nípa wíwá ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ohun tí a ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ṣùgbọ́n tí a kò tíì gbé kúrò nílẹ̀. Bí a kò bá tíì lò ó, ó ṣeé ṣe kí a rí díẹ̀ kó jọ. Ṣùgbọ́n èmi ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti kó ohun tuntun lé orí ti àtijọ́. Ó wá a fún odidi ọjọ́ kan, kò rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ilé ìdáná ni bàbá àwọn ọmọ ti bá mi. Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé mo pàdánù ohun náà, àti pé ẹ̀yìn wọn ni mo gbà ṣe é. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ohùn Màmá ni?" Wọ́n fa àga, wọ́n sì jókòó tì mí. Ìbínú ìbá sàn fún mi ju ìjókòó yẹn lọ.

Ohun tí ó tún wá burú níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà kò tilẹ̀ sàn. Kí oṣù kan tó pé, ó ti padà sí bí ó ti ń fà tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo kà sí ahun: jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Ohun tí ó ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìdáná ṣe àpèjúwe fún yín. Bí ẹ bá ń se oúnjẹ, ẹ nílò ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́, ẹ nílò tábìlì tí ẹ ó gbé èlò lé, ẹ sì nílò yàrá ìkóúnjẹsí tí ẹ ó ti máa lọ mú nǹkan. Nínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní processor, tábìlì ni wọ́n ń pè ní RAM, háàdì dísìkì sì ni yàrá ìkóúnjẹsí. RAM tèmi jẹ́ GB 4, háàdì dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ GB 500.

Ní ọdún 2014, tábìlì GB 4 tó mi lò. Ṣùgbọ́n ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì òde òní wúwo ju ti ìgbà náà lọ. Bí mo bá ṣí mẹ́fà nínú wọn, tábìlì ti kún. Kọ̀ǹpútà yóò wá máa kó nǹkan kúrò lórí tábìlì padà sí yàrá, yóò tún máa lọ kó o wá, bí ìyàwó tí ń se àsè lórí tábìlì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Yàrá náà sì tún jìnnà. Háàdì dísìkì irú ti àtijọ́ jẹ́ àwo tí ń yí. Ti inú kọ̀ǹpútà mi ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a béèrè, bí apá ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ lóde òní ni SSD. Kò sí ohun kankan tí ń yí nínú rẹ̀. Bí inú fláàṣì àti fóònù ni inú rẹ̀ rí. Ohun tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kíá ni ó ń gbé e wá, ìgbọ̀nrìrì kì í sì í tètè pa á lára.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí ó ń da tiyín láàmú? Bí ó bá jẹ́ Windows ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá ń fà. Ẹ ó rí ibi tí a kọ CPU, Memory àti Disk sí. Ẹ wo èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ wo tèmi, Disk wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, Memory ti kọjá 90, ṣùgbọ́n CPU kò tó 20. Ọwọ́ kò ní àrùn kankan; lílọ bíbọ̀ ni ó ń pa á. Ẹ wò ó bí mo ti fẹ́ ra odidi ilé ìdáná tuntun nítorí tábìlì kékeré kan!

Ẹ tún gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń gbóná bí àdògán, ó ṣeé ṣe kí erùpẹ̀ ti dí fáànù rẹ̀. Tèmi ti lo ọyẹ́ mọ́kànlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ìdí rẹ̀ wò. Ohun tí a yọ lẹ́nu fáànù náà nípọn bí òwú inú ìrọ̀rí. Bí kọ̀ǹpútà bá sì gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín ìyára rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ẹlòmíràn yóò ní ogbó ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ni.

Ohun tí mo rà, àti ohun tí mo fi sílẹ̀

Mo mú ìwé ìnáwó ilé, mo sì fa ìlà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ohun tí a kò lè ṣe aláìní, ohun tí ó lè dúró, àti ohun tí ojú kàn fẹ́.

Ohun mẹ́ta ni ó bọ́ sí ìlà kìíní: SSD, àfikún RAM, àti ilé kékeré tí a lè ki háàdì dísìkì àtijọ́ sí kí a lè máa fi wáyà USB lò ó fún ìkópamọ́. Bátìrì tuntun bọ́ sí ìlà kejì. Òótọ́ ni pé ti àtijọ́ kò lè ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́ bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ó lè dúró di oṣù mìíràn. Àpò aláwọ dáradára tí mo ti ń wò bọ́ sí ìlà kẹta, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ń tajà fẹ́ kí n ra SSD tí ó tó GB 1,000. Ṣùgbọ́n mo ti wo ohun tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, kò tó GB 120; nítorí náà mo ra GB 240. Ní ti RAM, àyè kan ṣófo nínú kọ̀ǹpútà náà, mo sì fi GB 4 mìíràn kún un kí ó di GB 8. Bí mo ti ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, tòun ti owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó kọ̀ǹpútà tuntun tí mo ti ń fi ojú sí. Owó ìwé àwọn ìbejì kò sì jìyà.

Ẹ kíyè sára nínú ríra RAM. Oríṣiríṣi ni ó wà: DDR3, DDR4, DDR5. Ọ̀kan kò lè wọ àyè èkejì, nítorí pé ibi tí a gé lára wọn yàtọ̀. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kúrú ju ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká ìgbà tí mo ra tèmi ń lo DDR3L, èyí tí iná rẹ̀ kéré ju ti DDR3 gidi lọ. Nítorí náà, bí ẹ ti máa ń mú bọ́tìnì kan dání lọ sí ọ̀dọ̀ oníbọ́tìnì kí ẹ má baà ra èyí tí kò bára mu, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mú RAM àtijọ́ dání, tàbí kí ẹ kọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè owó ní ìsọ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí a tàn án lójú yín, kí ẹ rí iye GB rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ tún kọ́kọ́ béèrè bóyá tiyín ṣeé fi kún, nítorí pé nínú àwọn kan tí ó fẹ́lẹ́ gan-an, a ti jó RAM mọ́ inú wọn, kò ṣeé yọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni a jọ tú u. A pa á, a yọ wáyà iná, a yọ bátìrì. A fi ọwọ́ kan irin kí iná ara wa má baà ba nǹkan jẹ́. Táíwò di tọ́ọ̀ṣì mú. Kẹ́hìndé ń to àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sínú páálí ẹyin bí a ti ń tú wọn, kí a lè mọ èyí tí ó kọ́kọ́ jáde. Kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lè fi í lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ Windows

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a ti dẹ́rù bà pé kí wọ́n ju kọ̀ǹpútà wọn nù nítorí Windows 10. Òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, àfi àfikún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kú ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó dàbí ilé tí kò ní bíríkìlà mọ́: bí olè bá rí ihò lára ògiri, kò sí ẹni tí yóò dí i. Ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá báǹkì ṣe pọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, kò sì gba gbogbo ògbólógbòó. Ní ti Intel, processor ìran kẹjọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 2017, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìran kẹrin ni tèmi. Nítorí náà, Linux Mint ni mo fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń rí àtúnṣe ààbò gbà, ohun tí a fi ń kọ̀wé àti èyí tí a fi ń ṣírò owó sì ń bá a wá. Àtẹ ìtẹ̀wé èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀. Òun ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín nílò ohun kan tí Windows nìkan lè gbé, ẹ béèrè kí ẹ tó pààrọ̀. Àwọn ìbejì ráhùn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbàgbé.

Nísinsìnyí, bí mo bá tan ògbólógbòó yìí, ó máa ń ṣetán kí n tó rí ìṣáná. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìtàn náà parí sí ayọ̀ pátápátá.

Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé kí wọ́n bá mi wo inú fóònù wọn. Púpọ̀ nínú àwòrán àwọn ọmọ ni mo rí gbà padà. Ní ti ohùn ìyá mi, àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rántí pé mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp ní ọdún 2019. Ó wá a títí, ó sì rí i: ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Nínú rẹ̀, ìyá mi ń sọ bí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú irúgbá, àti bí a ti ń gbé e kaná ní ìrọ̀lẹ́. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ibẹ̀ ni ó parí sí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì tí ó kù, kò sí owó tí a lè fi rà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ohun tí mo ti sọ ni mo fi parí. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín tí a kò lè rà ní ọjà sílẹ̀. Ẹ da gbogbo wọn kọ sí ibi méjì mìíràn, kí ọ̀kan nínú méjèèjì má sì gbé inú ilé yín. Ẹ lè fi í sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ ṣí wọn wò níbẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ pe bàbá àwọn ọmọ sí i, nítorí pé ohun tí ẹ bá gbàgbé, wọ́n lè rántí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wá ohun tí ń ṣe kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó ná owó.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo rí gbà wà ní ibi mẹ́ta báyìí. Ní oṣù tí ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin yóò wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Àwọn náà mọ irú ṣe. Mo ti ra kóró irúgbá sílẹ̀.